Àwọn ọmọ tó ní ká má ta sìgá fáwọn mọ́: ọ̀rọ̀ sìgá, fépù àtàwọn ọ̀dọ́langba, láti Florida dé Ìbàdàn

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ fi kiní ọ̀hún lé mi lọ́wọ́. Ó ti súkúlù dé, kò tíì bọ́ yunifọ́ọ̀mù, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Àpáta bó ṣe máa ń yà, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wá ní "Àǹtí mi, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rò pé èyí jẹ́." Mo wò ó. Kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ, ó rí pẹlẹbẹ, àwọ̀ ẹ̀ dà bíi ti súìtì ọmọdé, ẹnu ẹ̀ wá ṣe ṣóńṣó bí ẹnu fèrè. Mo ní ṣé fláàṣì tí wọ́n fi ń kó orin ni àbí bírò. Ó ní kí n gbóòórùn ẹ̀. Máńgòrò ni, máńgòrò tó pọ́n dénú, tó ń ta sánsán. Ó ní fépù ni, sìgá oníbátìrì tí wọ́n ń fa èéfín ẹ̀. Ọmọ kíláàsì wọn kan ló kó o fún un pé kó bá òun jù ú nù, torí ọmọ yẹn fẹ́ jáwọ́, ẹ̀rù sì ń bà á pé tóun bá jù ú sínú garawa ìdọ̀tí ilé wọn màmá òun á rí i. Ọmọ ọdún 15 ni ọmọ ọ̀hún.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára. Kó tó dìgbà yẹn, mo máa ń rí i lórí Facebook pé àwọn ọ̀dọ́langba ń kó ara wọn jọ ní Amẹ́ríkà àti láwọn ibòmíì, wọ́n ń lọ sílé aṣòfin, wọ́n ń kọ lẹ́tà, wọ́n ń gbé páálí dání pé kí àwọn àgbà gba àwọn lọ́wọ́ sìgá àti fépù, mo kàn máa ń rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, mo á sì kọjá. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín náà rò bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó dé dúró, torí ọ̀rọ̀ yìí kan Ìbàdàn ju bá a ṣe rò lọ.

Ká ti Florida mú un, ìpínlẹ̀ kan ní ìsàlẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún. Lọ́dún 1997 ìjọba ìpínlẹ̀ yẹn gba owó ńlá lọ́wọ́ àwọn kọ́ḿpínì sìgá lẹ́yìn tí wọ́n ti pè wọ́n lẹ́jọ́ nítorí owó tí ìjọba ń ná lórí àwọn tí sìgá sọ di aláìsàn. Wọ́n ní kí wọ́n yọ nínú owó yẹn kí wọ́n fi gba àwọn ọmọdé lọ́wọ́ sìgá. Ní 1998 wọ́n wá ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ìjọba kì í ṣe, wọ́n pe àwọn ọmọ fúnra wọn jọ, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ ara yín, báwo lẹ ṣe fẹ́ ká ṣe é? Àwọn ọmọ yẹn ò fẹ́ ìwàásù. Pé sìgá ń pa èèyàn, wọ́n ti gbọ́ ìyẹn látìgbà tí wọ́n ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí wọ́n tú àṣírí àwọn tó ń tà á. Ibẹ̀ ni ìpolongo tí wọ́n sọ ní "truth" ti jáde, ibẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ àwọn ọmọ iléèwé tó ń gbógun ti tábà, tí wọ́n ń pè ní SWAT, ti bẹ̀rẹ̀.

Àṣírí wo ni? Ó pọ̀. Kọ́ḿpínì sìgá kan tó ń jẹ́ R.J. Reynolds, nínú ìwé abẹ́lé wọn lọ́dún 1984, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà nìkan làwọn ti lè rí ẹni táá rọ́pò àwọn tó ń mu sìgá. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà o. Oníbàárà wọn àgbà ń kú, òmíì ń jáwọ́, tí ọmọ ò bá bẹ̀rẹ̀, ọjà parí nìyẹn. Ní 1994 náà, ọ̀gá kọ́ḿpínì sìgá méje jókòó níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà, wọ́n búra, wọ́n sì sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan pé àwọn ò gbà pé nikotíìnì, èròjà inú tábà tó ń fa ọkàn èèyàn sí i, máa ń di bárakú séèyàn lára. Irú nǹkan báyìí làwọn ọmọ Florida gbé síta, ọmọ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òun ṣe gọ̀ǹgọ̀ṣú, inú bí wọn. Láàárín 1998 sí 2000, iye àwọn ọmọ tó ń mu sìgá láwọn kíláàsì tó bá JSS wa dọ́gba já wálẹ̀ láti 18.5% sí 11.1%, tàwọn SS já láti 27.4% sí 22.6%. Láàárín ọdún méjì péré o!

Ìgbà tí sìgá ń lọ sílẹ̀ níbẹ̀ ni fépù dé. Kọ́ḿpínì kan tó ń jẹ́ Juul gbé tiẹ̀ jáde ní 2015, ó rí bíi fláàṣì lóòótọ́ (ẹ wá rí i pé kì í ṣe èmi nìkan ló ṣì í mọ̀), kò rùn, ọmọ lè fi pamọ́ sínú ọwọ́ aṣọ kó máa fà á ní kíláàsì, páálí kékeré kan tí wọ́n ń tì bọ inú ẹ̀ sì ní nikotíìnì tó tó ti pákẹ́ẹ̀tì sìgá kan. Nígbà tó fi máa di 2019, àwọn ọmọ iléèwé tó ń mu fépù ní Amẹ́ríkà ti lé ní mílíọ̀nù 5. Ní oṣù keje ọdún yẹn, àwọn ọmọkùnrin méjì láti New York dúró níwájú ilé aṣòfin, wọ́n ní ẹnì kan láti kọ́ḿpínì yẹn wá bá àwọn sọ̀rọ̀ níléèwé, ó ní kí tíṣà jáde, ó wá sọ fáwọn pé ọjà àwọn ò léwu rárá. Àwọn ìyá wọn ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ nítorí ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ wò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ tí ọmọ méjì sọ, àgbà kan ò lè sọ ọ́, torí yàtọ̀ sí ẹni tó wá láti kọ́ḿpínì, àgbà kankan ò sí nínú yàrá yẹn.

Ní oṣù Kejìlá 2019 Amẹ́ríkà gbé ọjọ́ orí ẹni tí wọ́n lè ta sìgá tàbí fépù fún láti 18 sí 21. Ní 2022 Juul gbà láti san mílíọ̀nù 438.5 dọ́là fún àwọn ìpínlẹ̀ tó lé ní 30 lórí bó ṣe polówó ọjà ẹ̀ fáwọn ọmọdé. Nígbà tí wọ́n kà á ní 2024, àwọn ọmọ iléèwé tó ń mu fépù ti dín kù sí mílíọ̀nù 1 àti 630,000. Ó ṣì pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹ fi wé mílíọ̀nù 5. Nínú ọmọ mẹ́wàá tó ń mu ún, ó lé ní mẹ́jọ tó jẹ́ pé èyí tó ní adùn ni wọ́n ń mu, adùn èso, súìtì, míńtì. Máńgòrò tó wà lọ́wọ́ mi ní Àpáta yẹn, kì í ṣe àgbàlagbà tó ti ń mu sìgá láti ogún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ṣe é fún.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ bí kiní ọ̀hún ṣe ń ṣiṣẹ́, torí àwọn kan ṣì ń sọ pé omi gbígbóná lásán ni. Bátìrì wà nínú ẹ̀, wáyà tín-ín-rín kan wà tó ń gbóná, omi kan sì wà tí wáyà yẹn ń sọ di èéfín. Inú omi yẹn ni nikotíìnì wà. Kò ju bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ tí èèyàn bá fà á tán táá ti dé ọpọlọ, ọpọlọ á gbádùn ẹ̀, á tún fẹ́ òmíì. Ọpọlọ ọmọ èèyàn ò dàgbà tán títí dìgbà tó bá tó bí ọdún 25, ìdí nìyẹn tó fi máa ń tètè di bárakú fọ́mọdé ju àgbà lọ, tó sì máa ń da àfiyèsí ẹ̀ àti bí inú ẹ̀ ṣe rí rú. Ti sìgá gan-an, ó máa ń gún ọ̀nà ọ̀fun, ọmọ tó bá kọ́kọ́ fà á á wúkọ́, ikọ́ yẹn máa ń lé ọ̀pọ̀ padà. Fépù ìsinsìnyí, wọ́n ti po nikotíìnì inú ẹ̀ débi tí kò fi ní gún ọ̀fun mọ́, kò sí ohun tó máa lé ọmọ padà. Ṣíṣà tí wọ́n ń mu níbi ayẹyẹ náà ńkọ́? Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ẹni tó bá jókòó ti ṣíṣà fún wákàtí kan lè fa èéfín tó tó ti ọgọ́rùn-ún sìgá. Pé ó gba inú omi kọjá ò sọ ọ́ di mímọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká parọ́ fáwọn ọmọ o, mo bẹ yín. Mo ti rí fídíò lórí WhatsApp pé ẹni tó bá fa fépù lẹ́ẹ̀kan ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ á bẹ́. Lóòótọ́ ní 2019 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2020, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kan jà ní Amẹ́ríkà, ó gbé èèyàn 2,807 lọ sílé ìwòsàn, 68 kú, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú u wò, èyí tí wọ́n fi òróró igbó sí, tí wọ́n wá fi vitamin E lú, ló fa èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ní ilẹ̀ England náà, àwọn dókítà máa ń sọ fún àgbàlagbà tó ti ń mu sìgá pé kó kúkú fi fépù jáwọ́ ńbẹ̀, torí ewu ẹ̀ kéré sí ti sìgá. Àwọn dókítà yẹn kan náà ló ń sọ pé kọ́mọdé má fọwọ́ kàn án. Tá a bá parọ́ fọ́mọ lórí ìkan, lọ́jọ́ tó bá já a, kò ní gba èyí tó jẹ́ òótọ́ gbọ́ mọ́.

Ó wá kù sílé wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí, ìgbà tó jù ú nù tán, kò bá mi jiyàn, kò wàásù. Lọ́jọ́ kejì ó jókòó sídìí káńtà, ó ń bá mi ta ọjà bó ṣe máa ń ṣe kí n lè ráyè lọ sọ́jà. Ọmọkùnrin kékeré kan dé, kò lè ju ọdún mẹ́wàá lọ, ó ní bàbá òun ní kóun ra ẹyọ sìgá méjì pẹ̀lú ìṣáná. Mo ti ń na ọwọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró ná," ó gbé fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin. Òfin àpapọ̀ lórí tábà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2015, ìyẹn National Tobacco Control Act. Ó ní wọn ò gbọ́dọ̀ ta sìgá fẹ́ni tí ò tíì pé ọdún 18. Ó ní wọn ò gbọ́dọ̀ ta á lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, pákẹ́ẹ̀tì odindi tó ní ogún ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Ó wá ní ẹni tí ò tíì pé 18 gan-an ò gbọ́dọ̀ tà á. Ó gbójú sókè, ó ní "Àǹtí mi, ọmọ ọdún mélòó ni mí?"

Ọdún 16 ni. Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ẹyọ kan ni mo fẹ́ ta, fún ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọmọ ọdún 16 ló máa bá mi gba owó ẹ̀. Òfin mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n lẹ àwòrán Jésù mọ́ ògiri ẹ̀. Mo sì ti ń ta á bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tá a fi ń tà á lẹ́yọ, kó má dà bíi pé ìkà ni gbogbo wa. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ ò lówó pákẹ́ẹ̀tì, ẹyọ ló lè rà, èrè tó wà lórí ẹyọ sì ju ti odindi lọ, ẹni tó bá wá ra ẹyọ kan á tún ra píọ́wọ́tà, á ra súìtì, ọjà ń fa ọjà. Ibi tí wàhálà wà ni pé owó ẹyọ kan yẹn náà ni owó tí ọmọ iléèwé ní lọ́wọ́. Àìsí pákẹ́ẹ̀tì ni kì í jẹ́ kọ́mọ rí ìkìlọ̀ tó wà lára ẹ̀. Oníbàárà mi kan wà, ọlọ́kadà, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó máa ń wúkọ́ títí táá fi di ògiri mú. Ó sọ fún mi rí pé ẹni ọdún 14 lòun nígbà tí bàbá òun máa ń rán òun lọ ra sìgá, ó ní lọ́jọ́ kan òun ra mẹ́ta, òun kó méjì délé. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin kékeré tó wá ra ẹyọ méjì lọ́jọ́ yẹn, ọmọ ẹ̀ ni.

Òfin ọdún 2015 yìí ò kéré o. Orílẹ̀-èdè wa ti gba àdéhùn àgbáyé lórí tábà wọlé ní 2005, ọdún mẹ́wàá gbáko ni wọ́n fi jà kó tó di òfin nílé, ìlànà tí wọ́n máa fi mú un ṣiṣẹ́ tún jáde ní 2019. Ó ní kí wọ́n má polówó sìgá, kí wọ́n má fi ṣe onígbọ̀wọ́ ayẹyẹ, kí wọ́n má mu ún ní iléèwé, nílé ìwòsàn, nínú ọkọ̀ èrò, nílé oúnjẹ. Ní 2024 àjọ tó ń rí sí fíìmù fi kún un pé fíìmù, fídíò orin àti skit ò gbọ́dọ̀ máa fi sìgá ṣe fáàrí mọ́. Owó orí sìgá náà ti ń gòkè, ó jẹ́ ₦20 lórí pákẹ́ẹ̀tì ní 2018, ó di ₦40, ó di ₦58 ní 2020, yàtọ̀ sí ìdá tí wọ́n tún ń yọ lórí owó ọjà gan-an. Ohun gbogbo wà nínú ìwé. Ẹ wá ti Dùgbẹ̀ rìn dé Mọ́kọ́lá, kẹ́ ẹ ti Mọ́kọ́lá dé Sáńgò, kẹ́ ẹ ka iye ibi tí wọ́n ti tú pákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí tábìlì.

Nígbà tí wọ́n ka àwọn àgbàlagbà tó ń lo tábà nílẹ̀ yìí ní 2012, 5.6% ni wọ́n, bíi mílíọ̀nù 4 àti ààbọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi wé orílẹ̀-èdè míì, kò pọ̀, àwọn kan sì máa ń fi ìyẹn tù wá nínú. Èmi, ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Orílẹ̀-èdè tí ọmọdé kún bámúbámú, tí ọ̀pọ̀ wọn ò tíì mu ún rí, ọjà tí wọn ò tíì ṣí ni lójú ẹni tó ń wá ẹni tó máa rọ́pò. WHO sọ pé tábà ń pa èèyàn tó ju mílíọ̀nù 7 lọ láyé lọ́dọọdún. Àyè àwọn yẹn ò gbọ́dọ̀ ṣófo tí ọjà ò bá ní dẹnu kọlẹ̀.

Ìbàdàn wá yàtọ̀ sí ìlú míì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àtàwọn ọdún 1930 ni wọ́n ti ń ṣe sìgá níbí, ìgbà NTC, ìyẹn Nigerian Tobacco Company, àwọn bàbá wa tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kọ́lé, wọ́n rán ọmọ níléèwé. Ní 2003 kọ́ḿpínì British American Tobacco ṣí iléeṣẹ́ tuntun sílùú yìí, mílíọ̀nù 150 dọ́là ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn, Ìṣẹ́yìn àti agbègbè ẹ̀, tábà wà lára ohun tí wọ́n ń gbìn. Mi ò bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ jà, aládùúgbò wa ni wọ́n, a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni, ṣùgbọ́n mo rò pé ó wà lára ohun tó pa wá lẹ́nu mọ́ pẹ́. Ní oṣù Kejìlá 2023 àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, FCCPC, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 110 dọ́là lé kọ́ḿpínì yẹn lórí, lẹ́yìn ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020. Ariwo ẹ̀ pọ̀ ní Àbújá. Ládùúgbò wa níbí, mi ò gbọ́ ẹni tó sọ ọ́.

Àwọn ọmọ ló ń sọ ọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ ìlera iléèwé wọn mú ìwé eksasáìsì kan, wọ́n fi rúlà fa ìlà sí i, wọ́n ń jókòó níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀ lẹ́yìn súkúlù, wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀. Wọn ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlà àkọ́kọ́: ṣọ́ọ̀bù wo ló tú pákẹ́ẹ̀tì. Ìkejì: ta ló rà á, àgbà tàbí ọmọ. Ìkẹta: ṣé wọ́n bi í léèrè ọjọ́ orí. Ìkẹrin ló mú mi lómi lójú, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sókè ẹ̀, "ọmọ tí wọ́n rán". Àwọn òyìnbó tó ń ṣe irú àkọsílẹ̀ báyìí lè má rò ó dé ibẹ̀, torí ọmọ tiwọn kì í sábà jíṣẹ́ sìgá. Níbí, ọmọ tí ò bá jíṣẹ́ ò gbẹ́kọ̀ọ́. Kí ọmọ ọdún mẹ́wàá wá sọ fún bàbá ẹ̀ pé òun ò lọ, ìgbájú ni. Ojú ewé kan tẹ̀ lé ìkejì, àmì tó wà lábẹ́ ìlà kẹrin yẹn ló pọ̀ jù, ìlà kẹta sì ṣófo láti òkè délẹ̀.

Mo fi han àwọn àgbà kan. Ọ̀kan ní tábà ti wà látayébáyé, pé ìyá bàbá òun fi aáṣáà sẹ́nu títí tó fi kú, ó sì pẹ́ láyé. Lóòótọ́ ni, àwọn bàbá wa fi ìkòkò mu tábà, a ò lè sọ pé òyìnbó ló kó gbogbo ẹ̀ dé lánàá. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó ń fín aáṣáà ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn oko kì í ṣe ọmọ SS1 tó ń fa nikotíìnì olóòórùn máńgòrò ní ilé ìyàgbẹ́ iléèwé ní ìdájí. Òmíì ní kí ni ọmọdé mọ̀ tó fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀ òfin. Ìyẹn ni mo dá lóhùn dáadáa, torí èmi gan-an ni ọmọ náà bá wí, kò sì gbójú sí mi, ó kúnlẹ̀ sọ ọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, a máa ń sọ ọ́ níbi ìgbéyàwó, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ níbi tó ti máa ná wa lówó náà.

Ohun tí àwọn ọmọ yìí ń béèrè ò pọ̀. Wọ́n ní kí ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí iléèwé má tú pákẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má rán ọmọ lọ ra sìgá. Wọ́n tún ní ohun kan tó ya àwọn tíṣà wọn lẹ́nu, pé tí wọ́n bá mú ọmọ pẹ̀lú fépù, kí wọ́n má kàn nà án kí wọ́n lé e lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń gbèjà ìwàkiwà ni, àfìgbà tí mo rántí ọmọ tó ni fépù ọjọ́ yẹn, tó fẹ́ jáwọ́ tí ò mọ ẹni tó máa sọ fún. Nikotíìnì ló ń pè é, orí ń fọ́ ọ, inú ń bí i, oorun ò kùn ún, pàṣán ò lè yọ ìyẹn lára. Tí wọ́n bá sì lé e kúrò ní súkúlù, níbo ló máa lọ láàárọ̀? Ibi tí wọ́n ti ń tà á ni. Wọ́n fẹ́ tíṣà kan, ẹnì kan péré, tí ọmọ lè bá sọ̀rọ̀ tí kò ní ké e sórí ìlà àárọ̀.

Èmi ò ta sìgá mọ́. Owó tó ń wọlé dín kù, mi ò ní purọ́, bí oṣù méjì àkọ́kọ́ le díẹ̀, àwọn kan bínú lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tèmi. Ọlọ́kadà yẹn ṣì ń wá ra búrẹ́dì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má rán ọmọ yẹn mọ́, kó máa wá fúnra ẹ̀ níbikíbi tó bá ti fẹ́ rà á, ó dákẹ́, ó ní òun gbọ́.

Níbi ìpàdé lándílọ́ọ̀dù tó kọjá, mo ní kí wọ́n fún àwọn ọmọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ, ó gbé ìwé eksasáìsì yẹn fún alága. Bàbá wọ awò, ó ṣí i, ó ń wò ó lójú ewé kan sí ìkejì, gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ó dé ìlà kẹrin, ó fi ìka sí i, ó ní "Èyí ńkọ́, kí lẹ kọ síbí?" Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin ní "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn ọmọ tí àwọn àgbà rán ni." Bàbá yọ awò. Ó ní kí wọ́n fi ìwé náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, kí wọ́n padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ wọn ló máa kọ́kọ́ wáyé.